Ohùn Ṣáájú Ojú: Bí Ìpàdé Orí Fídíò Ṣe Ń Dé Ọ̀tan-Ilé

Lásìkò ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó ń bá ilé ṣèpàdé láti òkèèrè. Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ń kówó jọ, wọ́n ń wá ìbọn, wọ́n ń kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń rán ìránṣẹ́ lọ sí ibùdó àwọn jagunjagun wọn ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹsẹ̀ ni ìránṣẹ́ fi ń rìn. Bí wọ́n bá dá àbá kan l'Ékòó, ó di ọjọ́ gbọọrọ kí èsì tó padà dé, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ á sì ti yí padà lójú ogun kí ó tó dé. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò rí ìwé àdéhùn àlàáfíà tọwọ́ bọ̀ títí di 23 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1886.

Ìmẹ̀sí-Ilé yẹn àti Ọ̀tan-Ilé, Ìjọba Ìbílẹ̀ Obòkun kan náà ni wọ́n wà lónìí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ agbègbè náà kò sì dẹ́kun àjò. Òwò aṣọ gbé àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì gbé wọn kọjá odò Ọya. Iṣẹ́ ìjọba kó àwọn mìíràn lọ sí Ìbàdàn àti Abuja. Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìlera wá kó ọ̀pọ̀ lọ sí London, Houston àti Toronto. Ẹbí tó ní ilé iṣẹ́ kékeré, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ta kòkó, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn: kò sí èyí tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sun ìlú kan náà mọ́. Líǹkì kan tí akọ̀wé fi sórí WhatsApp ló wá di agogo ìpàdé.

Ẹni tó bá jókòó ti irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ mọ gbólóhùn tí wọ́n ń sọ jù níbẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín ń já.” Kò sẹ́ni tó ń ké pé òun ò rí agbádá alága dáadáa. Ọgbọ́n ìpàdé orí fídíò kò jìnnà sí ibẹ̀ yẹn: àwòrán ló ń jẹ dátà, ṣùgbọ́n ohùn ló ń gbé ìpàdé ró.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ fídíò kò tètè rí i bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ AT&T ti Amẹ́ríkà gbé Picturephone, fóònù tó ń fi ojú olùbánisọ̀rọ̀ hàn, síta níbi àfihàn àgbáyé tó wáyé ní New York ní 1964. Wọ́n ṣe yàrá kékeré sí New York, Washington àti Chicago tí ará ìlú lè wọ̀ láti lò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 16, ó sì lè gòkè dé dọ́là 27. Ní 1970 wọ́n gbé e wọ ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò ní Pittsburgh: dọ́là 160 lóṣù, ìṣẹ́jú 30 péré ni owó náà sì kárí. Àwọn oníṣòwò wò ó, wọ́n rí i pé fóònù tó ti wà lórí tábìlì wọn ń ṣe èyí tó ṣe kókó nínú iṣẹ́ náà ní owó pọ́ọ́kú. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, Picturephone ti kógbá sílé.

Íńtánẹ́ẹ̀tì ló jí i dìde. Ní 1992, Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe CU-SeeMe, ètò tó ń gbé àwòrán dúdú àti funfun láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Skype dé ní 2003, ó sì fi fídíò kún un ní 2006. Eric Yuan, tó ti jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ẹnjiníà WebEx, ètò ìpàdé orí ẹ̀rọ kan, fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó dá Zoom sílẹ̀ ní 2011. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ayé mọ́lé, iye ènìyàn tí Zoom ń kà wọ ìpàdé lójúmọ́ fò láti mílíọ̀nù 10 ní oṣù Ọ̀pẹ 2019 dé mílíọ̀nù 300 ní oṣù Igbe 2020. Ẹni tó bá wọ ìpàdé mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á.

Báwo wá ni ojú ẹni tó wà ní Houston ṣe ń dé inú fóònù ẹni tó jókòó sí Ọ̀tan-Ilé?

Kámẹ́rà ń ya àwòrán nǹkan bí 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá ní àmì 1,280 ní ìbú àti 720 ní gíga, tí wọ́n sì ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà, yóò gba bíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 660 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Dátà fóònù wo ló fẹ́ gbé ìyẹn? Nítorí náà, ètò kan wà nínú fóònù tó ń fún àwòrán pọ̀ kó tó gbéra. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kì í tún gbogbo òfin ẹgbẹ́ kọ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan; ohun tí wọ́n bá yí padà ló ń kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò yìí kì í tún ògiri ẹ̀yìn alága fi ránṣẹ́ nígbà tí ògiri náà kò kúrò lójú kan. Ètè tó ń mì àti ọwọ́ tó gbé sókè ló ń rán lọ. Mílíọ̀nù 660 yẹn á wá rọ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 1.2, ìyẹn ìdá kan nínú 550. Ìdí nìyí tí àwòrán ẹni tó ń rìn káàkiri àgbàlá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ fi máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́: gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ètò náà kò sì rí ohun tó máa fò.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gé àwòrán àti ohùn sí ìdì kéékèèké, ìdì kọ̀ọ̀kan á sì gba íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá ti ilé iṣẹ́ tó ni ètò ìpàdé náà. Ènìyàn 40 lè wà nípàdé, ṣùgbọ́n fóònù kò ní láti fi ojú ẹni tó ni ín ránṣẹ́ sí àwọn 39 yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń rán an, kọ̀ǹpútà ńlá náà ló ń pín in: èyí tó mọ́ kedere fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ dáa, èyí tó kéré fún ẹni tí tirẹ̀ ń ṣe ségesège. Ìdì tó bá pẹ́ lójú ọ̀nà, wọn kì í dúró dè é, nítorí ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Ìdì tó sọnù àti ìdì tó pẹ́ dé ni etí ń gbọ́ bí ohùn tó ń já.

Tí àwòrán bá já, ojú á fara dà á. Alága tó dúró gbagidi lójú fóònù fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kò ba nǹkan kan jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá ń dún lọ. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá já fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá níbi tí akápò ti ń ka iye owó tó wà ní báńkì, ìjà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìṣirò dátà rẹ̀ kò le. Ìlànà tí Zoom gbé jáde ni pé ohùn nìkan ń fẹ́ kílóbíìtì 60 sí 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fídíò tó dáa láàárín ènìyàn méjì ń fẹ́ 600 ní àlọ àti 600 ní àbọ̀. Fídíò 720 ń fẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di dátà wákàtí kan, ohùn nìkan kò ní ju mẹ́gábáìtì 72 lọ, àlọ àti àbọ̀ lápapọ̀. Fídíò àkọ́kọ́ á gba nǹkan bí 540, fídíò 720 á sì kọjá gígábáìtì kan. Ọmọ iléèwé gíga ní Ẹ̀sà-Òkè tó ra gígábáìtì kan lè fi gbọ́ ìpàdé fún ohun tó lé ní wákàtí 13. Bí ó bá tan kámẹ́rà sí 720, kò ní lò ó pé wákàtí kan.

Ọ̀nà tí àwọn ìdì yìí ń gbà wọlé kò rí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Òkun kọ́ ni ìṣòro. Okùn Glo-1, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2009, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 9,800 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. MainOne tẹ̀ lé e ní 2010, Equiano ti Google sì gúnlẹ̀ ní 2022 lẹ́yìn tó ti yà ní Lomé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú àwọn okùn dígí wọ̀nyí ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ohùn tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbéra á dé Èkó kí ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Ọjọ́ tí okùn bá já ni òkun máa ń di ìṣòro, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Abidjan, tí ìdíwọ́ bá báńkì àti íńtánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìrìn tó kù lórí ilẹ̀ ló le. Láti orí òpó ìbánisọ̀rọ̀ ni fóònù ti ń gba ìgbì, òkè àti àpáta sì ń dí ìgbì lọ́wọ́. Agbègbè Obòkun kò sì ṣaláìní òkè. Ilé kan lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já gaara, kí ilé tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òdìkejì má rí ju ẹyọ ìlà kan lọ. Gbogbo ẹni tó ń lo òpó kan náà ló sì ń pín agbára rẹ̀, èyí ló fà á tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú fi máa ń nira. Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, ń fo òpó kọjá: sátẹ́láìtì rẹ̀ wà ní nǹkan bí kìlómítà 550 lókè, nígbà tí irú sátẹ́láìtì àtijọ́ tó dúró sójú kan wà ní nǹkan bí 35,800. Ohùn tó bá gba ti àtijọ́ gòkè, tó sì sọ̀ kalẹ̀, á ti pẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì ti kọjá ìdíwọ̀n tí àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, kà sí dáadáa fún ìtàkùrọ̀sọ, ìyẹn 150 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá.

Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ló máa ń fi ìdádúró yìí hàn. Nínú gbọ̀ngàn, “Àmín” máa ń dún pọ̀ bí ẹyọ kan. Lórí Zoom, ti London á dé, ti Òṣogbo á tẹ̀ lé e, ti Houston á dé nígbà tí bàbá tó ń gbàdúrà ti wọ gbólóhùn mìíràn. Orin ẹgbẹ́ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ètò náà ń wá ohùn kan tó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń tẹ àwọn yòókù rì. Ìlù dùndún wá ń jẹ ìyà lọ́tọ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti mú ariwo kúrò lè ka ìró ìlù sí ariwo, kó máa bù ú jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí onílù ki alága nínú ìpàdé gbọ́dọ̀ lọ sí ètò ohùn Zoom, kó yan ohùn àtilẹ̀wá tí wọ́n ṣe fún àwọn olórin. Fún orin ẹgbẹ́, ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo gbé e, kí àwọn yòókù pa máìkì, kí oníkálukú máa kọ ọ́ nínú ilé tirẹ̀.

Pípa máìkì gan-an ni ìlànà tó le jù lọ láti gbé kalẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Ìyá kan lè máa bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀bà nígbà tí akọ̀wé ń ka mínítì. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n yan ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n lò sí ìdí ètò náà, alága á sì sọ fún gbogbo ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ló rán an níṣẹ́. Ọ̀dọ́ náà á pa gbogbo máìkì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó bá tó àkókò àgbà láti sọ̀rọ̀, á wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan máìkì yín, gbogbo wa ń retí yín.” Ẹni tó bá fẹ́ fèsì á fi àmì ọwọ́ sókè, àmì náà á sì tò léra bí wọ́n ṣe gbé e. Alága lè tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò yẹn, ó sì lè fún ẹni tó dàgbà jù láyè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ojú pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù Èrèlè 2021, Jeremy Bailenson ti Yunifásítì Stanford kọ̀wé lórí ìdí tí ìpàdé fídíò fi ń rẹ ènìyàn. Ó ka nǹkan mẹ́rin: ojú tó súnmọ́ni jù tí kò sì kúrò lára ẹni, kí ènìyàn máa wo ara rẹ̀ ṣáá, àìlèdìde nídìí kámẹ́rà, àti làálàá tí ọpọlọ ń ṣe láti fi àmì ara hàn àti láti mọ ti ẹlòmíràn. Èyí àkọ́kọ́ máa yé Yorùbá kíákíá. Nínú gbọ̀ngàn, ọmọ tó dáa kì í tẹjú mọ́ àgbà. Á wolẹ̀ díẹ̀ bó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lójú fóònù, gbogbo ènìyàn ló tẹjú mọ́ gbogbo ènìyàn fún wákàtí méjì. Bí alága bá sọ pé kí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ pa kámẹ́rà rẹ̀ lẹ́yìn ìkíni, ó gba ojú lọ́wọ́ àárẹ̀, ó sì gba dátà sílẹ̀ fún ohùn.

Òfin náà ti gba irú ìpàdé yìí wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀, àjọ CAC tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ gbé ìlànà jáde ní 26 oṣù Ẹrẹ́nà 2020 pé àwọn ilé iṣẹ́ tí ará ìlú ní ìpín nínú wọn lè fi aṣojú ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn. Ní 13 oṣù Èbìbí, Ààrẹ Muhammadu Buhari darí ìpàdé Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ lórí ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí Zoom, àríyànjiyàn sì dìde lórí rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìgbẹ́jọ́ orí ẹ̀rọ kò lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Òfin ilé iṣẹ́ tuntun, CAMA 2020, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ògún ọdún náà, jẹ́ kí ilé iṣẹ́ aládàáni ṣe ìpàdé gbogboogbò lórí ẹ̀rọ bí ó bá bá ìwé òfin abẹ́lé wọn mu. Àtúnṣe tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 wá ṣí ilẹ̀kùn náà fún àwọn ilé iṣẹ́ tí ará ìlú ní ìpín nínú wọn. Ohun tí ẹbí oníṣòwò tàbí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú níbẹ̀ ni ìwé òfin abẹ́lé yẹn: kí ó sọ iye ẹni tó gbọ́dọ̀ pé, bí wọ́n ṣe máa ka ìbò, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gé alága dànù.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fojú fò. Láàárín oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe 2020, àwọn ọmọ ìta orí ẹ̀rọ ń já wọ ìpàdé ẹni ẹlẹ́ni pẹ̀lú àwòrán ìṣekúṣe, títí Zoom fi tan ọ̀rọ̀ aṣínà àti yàrá ìdúródè sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìpàdé ọ̀fẹ́. Líǹkì tí wọ́n bá gbé sí ojú Facebook gbangba kò yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Èyí tó tún burú jù dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024: òṣìṣẹ́ ìṣúná kan ní Hong Kong, ní ilé iṣẹ́ ẹnjiníà Arup, jókòó sí ìpàdé fídíò pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì san nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dọ́là bí wọ́n ṣe ní kó san án. Ayédèrú tí kọ̀ǹpútà ṣe ni àwọn ojú àti ohùn tó rí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ní owó ní báńkì kò gbọdọ̀ tìtorí pé ojú ààrẹ ẹgbẹ́ hàn kó san owó. Akápò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pè é padà, lẹ́yìn ìpàdé.

Aago náà ní ìṣirò tirẹ̀. Nàìjíríà kì í yí aago padà, London àti Houston ń yí tiwọn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn òyìnbó, aago London àti ti Ọ̀tan-Ilé dọ́gba, Houston sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà. Ní ìgbà òtútù wọn, London á fi wákàtí kan sẹ́yìn, Houston á di méje. Ìpàdé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ní ilé á bọ́ sí ọ̀sán gangan ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Aago mẹ́jọ alẹ́ á bá wọn nílé, kò sì tíì pẹ́ jù fún àwọn àgbà. Zoom ọ̀fẹ́ ń parí ní ìṣẹ́jú 40, Google Meet ọ̀fẹ́ ń dé ìṣẹ́jú 60 bí ènìyàn bá ju méjì lọ, fídíò WhatsApp sì ń gba ènìyàn 32. Fún ìgbìmọ̀ kékeré, WhatsApp tó. Ìpàdé gbogboogbò ló nílò kí ẹgbẹ́ sanwó fún ètò.

Èyí tó ṣòro jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìpàdé tí ìdajì rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn nílé, tí ìdajì yòókù wà lẹ́yìn odi. Wọ́n á gbé fóònù kan sáàárín tábìlì, àwọn tó wà lókè òkun á sì máa gbọ́ ìkùnsínú. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí máìkì, agbára ohùn tó ń dé ibẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹlòmíràn á fẹ́ ṣàtúnṣe, á tan fóònù tirẹ̀ wọ ìpàdé kan náà nínú gbọ̀ngàn, ìhan burúkú á sì gba gbogbo ilé. Fóònù mọ bó ṣe lè mú ohùn tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde kúrò, ṣùgbọ́n kò mọ ti fóònù kejì. Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn. Kí máìkì àti spíkà ẹyọ kan ṣoṣo wà ní títàn nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n máa gbé máìkì náà lọ sí ẹnu ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, kí fóònù yòókù wà ní pípa. Bí owó ẹgbẹ́ kò bá tó ra nǹkan méjì, kí wọ́n fi kámẹ́rà sílẹ̀ kí wọ́n ra máìkì tó dáa àti bátìrì tó máa gbé e bí iná bá lọ.

Nígbà tí ìbò bá dé, akọ̀wé á pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ “mo fara mọ́ ọn” tàbí “n ò fara mọ́ ọn,” nítorí àmì àtàǹpàkò sókè lójú fóònù kì í pẹ́ parẹ́. Kí alága tó tú ìpàdé ká, akọ̀wé á ka ìpinnu kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú iye owó àti orúkọ ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó tẹ bọ́tìnì, kí gbogbo ènìyàn sì gbà, nítorí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kò fàyè gba kí wọ́n kàn gba ohùn ẹni sílẹ̀ láìṣe àlàyé. Lẹ́yìn náà, á ka àkópọ̀ ìpinnu náà sínú WhatsApp ẹgbẹ́ ní ohùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún, fún àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé dànù àti àwọn àgbà tí kì í ka mínítì.